Omikan fún Aṣọ Ìyàwó Fagge

Pá! Ìró aṣọ tútù lórí símẹ́ńtì ló jí mi. Pá! Ó tún dún, omi sì tẹ̀ lé e, ó ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ sínú gọ́tà. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ní Sabon Gari, ní Kánò. Ọyẹ́ ti da eruku lẹ́búlẹ́bú bo gbogbo àgbàlá, kò jẹ́ kí n ríran kọjá ìdí ẹ̀rọ omi. Ìyá Àgbà jókòó síbẹ̀ lórí àpótí kékeré, ó ká aṣọ sókè dé orúnkún, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rì sínú bàsíà. Ó fa aṣọ kan yọ, ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀ bí ẹni tó ń wò ó bóyá ọbẹ̀ àná ti kan, ó mi orí, ó tún rì í padà.

“Ó rẹ̀ mí o,” ló wí fún bàsíà náà. Kò sí ẹlòmíràn nítòsí tí ì bá gbọ́.

Òórùn méjì ló gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ mí wá. Ọ̀kan jẹ́ òórùn ìtọ̀ tó ti pẹ́ lára aṣọ, èyí tó máa ń ta síni lójú bí àlùbọ́sà. Èkejì jẹ́ òórùn ògì kíkan. Títí di òní, tí mo bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí wọ́n ti ń sẹ́ ògì, ojú mi á kọ́kọ́ ta mí kí n tó rántí pé kò sí ìtọ̀ níbẹ̀.

Ìyá Àgbà kì í ṣe ìyá tó bí ìyá mi tàbí bàbá mi. Yàrá rẹ̀ ló kọjú sí tiwa nínú ilé gígùn kan tí yàrá ti kọjú sí yàrá láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi balùwẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí mi. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n máa ń pè é lórí fóònù pé, “Màmá, ẹ máa bọ̀ nílé,” yóò sì dá wọn lóhùn pé, “Ibo ni mo wà?” Gbogbo wa ń pè é ní Ìyá Àgbà. Ọmọ Hausa tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi wá lárààárọ̀ pàápàá máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kí i pé, “Iya, ina kwana?” kó tó gbé kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́ kalẹ̀. Àwa ọmọ tí wọ́n bí sí Kánò, Hausa la máa ń fi dá àgbà lóhùn láìronú. Tá a bá fi dá a lóhùn, yóò dijú, yóò ní òun ò gbọ́, bẹ́ẹ̀ ó gbọ́ Hausa ju gbogbo wa lọ.

Aṣọ funfun ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń fọ àwọ̀sókè àwọn olùkọrin, ó ń fọ aṣọ ìgbéyàwó fún àwọn tó ń yá a lò lọ́jà Sabon Gari. Ṣùgbọ́n èyí tó fi ń gbéraga, tí ìgbéraga bá wà lára rẹ̀ rárá, ni aṣọ tábìlì Olúwa ti ṣọ́ọ̀ṣì wa: èyí tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ àkàrà àti wáìnì, àti àwọn kéékèèké tí àlùfáà fi ń nu ẹnu ife. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń fọ̀ wọ́n, nítorí èmi náà ń fọṣọ jẹun báyìí ní Tarauni, mo ní ẹ̀rọ ìfọṣọ, mo sì ti fi ojú ara mi ka ohun tí mo rí kà nípa ọṣẹ àti omi, síbẹ̀ mi ò tíì rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó ti ìyá yẹn. Omi tútù ló kọ́kọ́ ń fi ṣan wọ́n. Omi àkọ́ṣàn yẹn kò gbọdọ̀ wọ gọ́tà. Ó ń rù ú lọ sí ìdí igi dógónyárò tó wà lẹ́yìn ilé, ó ń dà á sórí ilẹ̀ mímọ́, torí pé èérún àkàrà tàbí ẹ̀kán wáìnì lè wà nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó ń mú ọṣẹ. Kì í fi omi kànga hó ọṣẹ, torí omi kànga àdúgbò wa le, ọṣẹ kì í yọ ìfófòó nínú rẹ̀, ṣe ló máa ń di èépá funfun sórí aṣọ. Omi tí ọmọ oníkẹ̀kẹ́ ń tà ló ń lò. Lẹ́yìn náà ni sítáàṣì, tó fi gbágùúdá ṣe fúnra rẹ̀, tó ń sẹ́ títí yóò fi mọ́ lóló. Tó bá lọ aṣọ náà tán, o lè gbé e dúró bíi páálí.

Ẹnu iṣẹ́ yìí ló wà tí Ìyàwó Fagge fi kó wọlé.

Ọmọ Yorùbá Mùsùlùmí ni, ó kéré, ojú rẹ̀ ṣì dà bíi tọmọ ilé ìwé. Fagge ni ọkọ rẹ̀ ti ń tajà, ibẹ̀ la ti fún un lórúkọ. Ìkúnlẹ̀ àkọ́bí rẹ̀ le, ọmọ há, ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Ọmọ kú. Ara rẹ̀ sì ti ya nínú níbi tí ìtọ̀ ń gbà, ìtọ̀ ò dúró mọ́. Bó ti ń rìn ló ń jò, bó ti ń sùn ló ń jò. Ọkọ rẹ̀ fara dà á fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó sanwó yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀ wa, ó gbé e síbẹ̀, ó ní òun á máa wá. Kò wá. Ilé ìwòsàn ìjọba kan wà tí wọ́n ti ń rán irú ojú ara bẹ́ẹ̀ padà. Wọ́n ti gba orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó ṣáájú rẹ̀ pọ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tó máa kàn án.

Inú yàrá ló ń wà látàárọ̀ dalẹ́. Òórùn rẹ̀ nìkan ló ń jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, gbogbo ayálégbé pé jọ sí àgbàlá. Ìyá Ìbejì, tí yàrá rẹ̀ fara kan ti Ìyàwó Fagge, ló kọ́kọ́ ké.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé iwájú, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n! Èmi tí mo wà lẹ́yìn, ṣé kí n máa fi ọwọ́ kan jẹun, kí n fi ìkejì di imú? Haba!”

Bàbá Agbowó-ilé, ẹni tó ń bá onílé gba owó lọ́wọ́ wa, gbọn ẹ̀wù rẹ̀. “Ṣé èmi ni mo fún un lárùn ni? Kó kó ẹrù rẹ̀ kí oṣù tó parí. Shikenan, ọ̀rọ̀ parí.”

Ìyá Àgbà jókòó sórí ìjókòó ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ń pa sítáàṣì kúrò lábẹ́ èékánná. Kò gbójú sókè. “Kí lẹ ò fẹ́ gan-an? Ṣé ọmọ náà ni, àbí òórùn rẹ̀?”

“Òórùn ni o, Ìyá,” ni Ìyá Ìbejì wí. “A ò bá a jà.”

“Tí òórùn náà ò bá sí ńkọ́?”

“Ta ló fẹ́ mú un kúrò? Ìtọ̀ tó ń ṣàn bí odò Challawa?”

“Mo bi yín léèrè ni. Tí kò bá sí?”

Bàbá Agbowó-ilé wo ojú gbogbo wa, ó gbé èjìká. “To, tí òórùn ò bá sí, kó dúró di ọjọ́ tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ta ni yóò máa lé ẹni tí kò rùn?”

“Ẹ ti gbọ́ o,” ni Ìyá Àgbà wí.

Ìyá Ìbejì pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín. “Ìyá Àgbà aláṣọ funfun, ó ku ẹ̀yin àti ìtọ̀! Ẹ kú iṣẹ́ o!”

“O ṣé, ìyá ọmọ. Tó o bá ní ọṣẹ nílé, gbé e wá.”

Báyìí ni ibùgbé ọmọbìnrin náà ṣe wá dọwọ́ bí aṣọ rẹ̀ bá ṣe ń rùn. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àgbà kó gbogbo aṣọ inú yàrá yẹn, ó gbé omi kaná, ó da eérú sí i, ó fi ṣe omi eérú tó máa ń fi fọ àwọ̀sókè tó bá dọ̀tí. Àṣìṣe ni. Bí aṣọ ṣe wọ omi gbígbóná yẹn, òórùn náà dìde dúró, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà ìta. Ìyá Ìbejì sáré jáde, ó fi gèlè di imú.

“Ìyá! Ẹ ti sè é!”

Mo mọ ohun tó fà á báyìí. Tí ìtọ̀ bá pẹ́ lára aṣọ, ó ń yí padà, ó ń di ohun tó fara jọ eérú fúnra rẹ̀. Èèyàn tó bá wá bu eérú lé e lórí, tó tún fi iná sí i, ìbátan rẹ̀ ló gbé wá bá a, ṣe ni wọ́n á jọ gbéra. Ohun kíkan ló ń pa á. Ìyá Àgbà ò kà á níbì kankan. Ó kàn jókòó ti bàsíà náà títí omi fi tutù, inú rẹ̀ ò dùn, ó ń wo iwájú. Ó wá pè mí.

“Aṣọ tí alógì fi ń sẹ́ ògì, ṣé o ti gbóòórùn rẹ̀ rí?”

“Eh.”

“Ta lò ń fi ‘eh’ dá lóhùn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Kí ló ń rùn?”

“Ògì, mà.”

“Ògì nìkan. Ohunkóhun tó bá wọ inú omikan, òórùn omikan ló ń gbé jáde. Òórùn ti omikan kì í sì í pẹ́ lójú oòrùn. Gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, lọ bá mi bu omikan wá.”

Alógì tó wà ní ilé kejì wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Omi tí wọ́n ń dà nù lórí ògì ni, àfi àwọn tó ń fi í se àgbo. “Odidi bọ́kẹ́ẹ̀tì? Ṣé Ìyá Àgbà fẹ́ wẹ̀ nínú rẹ̀ ni?” Ó sì bu omikan kún un fún mi. Láti ọjọ́ náà lọ, kò da omikan nù mọ́ kí wọ́n tó wá béèrè.

Bó ṣe wá ń ṣe é nìyí. Kì í jẹ́ kí aṣọ gbẹ mọ́ ọmọ náà lára. Bó ṣe tutù ló ń gbà á, tó ń fi omi tútù ṣàn án, tó ń tẹ̀ ẹ́ láìfi ọwọ́ bó o. Ó ń rì í sínú omikan títí oòrùn yóò fi sọ̀ kalẹ̀ láti orí ògiri dé ìdí rẹ̀. Ó ń fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀kejì, ìgbà yẹn ni ọṣẹ ń dé, ìgbà yẹn ni oòrùn ń dé. Ó gé aṣọ àlòkù rẹ̀, ó ká a ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po fún un láti fi ṣe òṣùká ìdí. Ó ra òrí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Hausa, ó kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fi pa itan, torí ìtọ̀ ti bó itan rẹ̀ bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé. Òórùn náà ò lọ lọ́jọ́ kan. Ó dínkù, ó sá padà sínú yàrá, nígbà tó yá, ó ku ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi imú sún mọ́ kó tó gbọ́. Bàbá Agbowó-ilé wá lópin oṣù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn, ó fa imú, ó tún un fà, ó kọjá lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tó ń parí. Ohun tí mi ò lè ṣàlàyé fún ẹni tí kò rí i nìyẹn. Aṣọ funfun, tó o bá fọ̀ ọ́n, ó mọ́, ó lọ sílé ẹni tó ni ín. Èyí, bó o ṣe ń sá a ni òmíràn ń tutù. Ọwọ́ Ìyá Àgbà ya láàrin ìka, ọyẹ́ sì ń la ojú ọgbẹ́ náà. Ó ń sùn nínú ìwàásù. Ìyá mi bá a sọ̀rọ̀, ó ní, “Ìyá, ẹ rọra. Ẹ̀yìn yín ńkọ́?” Ó ní, “Ó wà níbẹ̀. Mo ń gbúròó rẹ̀.”

Àti pé òun fúnra rẹ̀ tún wá iṣẹ́ kún iṣẹ́. Ó ṣàkíyèsí pé ọmọ náà kì í kírun. Ọmọ náà ní ara òun ò mọ́. Ìyá Àgbà wé gèlè, ó lọ sí mọ́ṣáláṣí àwọn Yorùbá, ó dúró lójú ọ̀nà títí Ààfáà fi jáde, ó sì bi í. Ààfáà ní kó máa ṣe àlùwàlá tuntun fún ìrun kọ̀ọ̀kan, kó di ara rẹ̀ dáadáa, kó máa kírun rẹ̀, pé Ọlọ́run mọ̀ pé kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà wá kó ọ̀rọ̀ náà délé bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kò fi ọ̀kan kún un. Láti ọjọ́ yẹn, kí ìrun kọ̀ọ̀kan tó tó, aṣọ gbígbẹ kan gbọ́dọ̀ wà lórí okùn.

Okùn kan ṣoṣo ló sì ń rí oòrùn tó péye nínú àgbàlá wa.

Orí okùn yìí ni Ìyá Ìjọ àti obìnrin ìjọ kan bá aṣọ náà lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n wá gba aṣọ tábìlì Olúwa. Aṣọ funfun wà lápá ọ̀tún, ìró Ìyàwó Fagge wà lápá òsì, afẹ́fẹ́ ń fi ọ̀kan kan èkejì.

“Ìyá, ẹ má bínú o,” ni Ìyá Ìjọ wí. “Kí lẹ sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ Olúwa yìí?”

“Aṣọ ọmọ kan ni.”

“A ti gbọ́ nípa ọmọ náà. Ṣé bàsíà kan náà lẹ fi ń fọ̀ wọ́n?”

“Rárá o. Bàsíà tirẹ̀ yàtọ̀.”

“Ọwọ́ ńkọ́?”

Ìyá Àgbà tẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó wò ó níwá lẹ́yìn. “Èyí náà lọwọ́ tí mo ní.”

Obìnrin kejì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò fẹ́ jà. “Màmá, nítorí àwọn tó ń jẹ oúnjẹ Olúwa ni. Tí wọ́n bá gbọ́, ọkàn wọn ò ní balẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé e fún ẹlòmíràn ná, ẹ̀yin náà á lè sinmi.”

“Ẹ jẹ́ kó gbẹ,” ni Ìyá Àgbà wí.

Wọ́n jókòó dè é. Nígbà tó gbẹ, ó kó ògúnná sínú áyọ́ọ̀nù, ó lọ aṣọ náà dáadáa ju bí mo ti rí i tó ń lọ̀ ọ́ rí, ó ká a, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. “Tí wáìnì bá ta sí i, omi tútù o. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi omi gbígbóná dè é mọ́lẹ̀.” Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo jókòó tì í. Kò wo àlùfáà. Aṣọ orí tábìlì ló ń wò. Ó tẹ̀ sí mi létí, ó ní, “Wo bó ṣe ká. Wọn ò fún un ní sítáàṣì tó.” Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé kì í ṣe ẹ̀gàn ló ń ṣe. Ó fi igun gèlè nu imú.

Ìyàwó Fagge ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé tí wọ́n gba aṣọ náà lọ, ó jáde wá kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà.

“Màmá, nítorí mi ni wọ́n ṣe gba iṣẹ́ yín. Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa bá yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni? Tó bá jẹ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ nìyẹn, ẹ sọ fún mi. Mi ò ní kọ̀.”

“Kó o gbẹ ni mo fẹ́,” ni Ìyá Àgbà wí. “Dìde, mú aṣọ ìdí rẹ wá, ó ti tutù.”

Èmi náà bi í, ọmọdé kì í lè pa ìbéèrè mọ́ra. Mo ní ṣé Jésù ló ní kó máa fọ aṣọ ìtọ̀ ni. Ó rò ó díẹ̀. “Ẹsẹ̀ lòun fọ̀. Ẹsẹ̀ ló le. Ẹsẹ̀ máa ń fà sẹ́yìn mọ́ni lọ́wọ́. Aṣọ kì í sá.”

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń sọ̀rọ̀ dídùn bẹ́ẹ̀ o. Ilé ìwòsàn ti ní kí ọmọ náà máa mu omi dáadáa kí inú rẹ̀ lè máa ṣàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn ń jó, tí aṣọ kún bàsíà, Ìyá Àgbà rí i tó ń gbé ife sẹ́nu, ó sì bú jáde. “Omi, omi, omi! Gbogbo èyí tó wọlé, èmi ni mò ń fọ̀ ọ́n jáde!” Ọmọ náà gbé ife kalẹ̀. Ìyá Àgbà nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ, ó dìde, ó mú ife náà, ó bu omi kún un, ó gbé e fún un. “Mu ún. Wọ́n ní kó o mu ún.” Ó dúró tì í títí ó fi mu ún tán.

Ilé ìwòsàn pe ọmọ náà níkẹyìn. Ìyá Àgbà bá a wọ adáídáítà, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, lọ, ó sì dúró tì í nílé ìwòsàn títí wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ náà tí wọ́n sì yọ rọ́bà ìtọ̀ kúrò. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọmọ náà gbẹ. Ó rìn káàkiri àgbàlá láìfi ọwọ́ di ẹ̀yìn. Ìyá Ìbejì din masa, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, ó gbé e fún un tòun ti ọbẹ̀. Gbogbo wa yọ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lówùúrọ̀ kan, ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, kò jáde, kò wọlé. Ìyá Àgbà wò ó. Ó lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Aṣọ náà tutù. Ibi tí wọ́n rán ti yọ díẹ̀, ó tún ń jò. Wọ́n padà sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ní kó lọ sinmi fún oṣù mélòó kan kí wọ́n tó lè tún un ṣe.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà dojú bàsíà dé, ó jókòó lé e. Kò sunkún, kò gbàdúrà tí a gbọ́. Ọmọ oníkẹ̀kẹ́ omi dé, ó kí i, ó sì rọra gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀ kó má bàa dún. Oòrùn yọ, ó kàn án lójú, kò sún. Mo rò pé ó ti parí. Mo rò pé èèyàn kan ò lè tún bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀.

Bàbá Agbowó-ilé ló dé bá a níbẹ̀. Ó ti gbọ́. “Ìyá, ẹ má bínú. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ la fi àdéhùn sí. Wọ́n ti ṣe é. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ gba yàrá náà.”

“Yàrá wo?”

“Èyí tó wà létí balùwẹ̀.”

“Ó dáa.”

Ó dìde lórí bàsíà. Ó wọ yàrá ọmọ náà, ó ká ẹní rẹ̀, ó gbé àpótí aṣọ rẹ̀, ó fi orí ru búútà àlùwàlá rẹ̀, ó la àgbàlá kọjá níṣojú gbogbo wa, ó kó wọn sínú yàrá ara rẹ̀. Ó padà wá di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ó mú òun náà wọlé.

“Yàrá yín ti ṣófo,” ló wí fún Bàbá Agbowó-ilé.

“Ìyá! Ohun tí mo ń sọ kọ́ nìyẹn!”

“Ṣé owó yàrá tèmi pé, àbí kò pé?”

“Ó pé.”

“Ta ni yóò wá máa bá mi yan àlejò?”

Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. “Kai! Bàbá, ìyá arúgbó ti pa yín láyò!” Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omikan dé ìdí ẹ̀rọ omi. Ó gbé e kalẹ̀ tagbáratagbára. “Ẹ gbà. Mi ò sọ pé mo máa bá yín fọ̀ ọ́n o.” Títí di ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà fi parí, òun ló ń bu ú wá.

Orí ibùsùn ni ọmọ náà ń sùn, ilẹ̀ ni Ìyá Àgbà ń tẹ́ ẹní sí. Òórùn náà di òórùn yàrá tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù ni. Ọyẹ́ lọ, ooru dé, òjò dé tí aṣọ ò gbẹ mọ́, tó ń fi áyọ́ọ̀nù mú wọn gbẹ. Mo gbà gbọ́ pé kò sí ọjọ́ kan nínú wọn tí ara tù ú.

Iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì ló dí ibi tó ń jò náà. A ò yọ̀ sókè nígbà yìí, a kàn ń wo ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀run. Ó gbẹ. Ó gbẹ lọ́sẹ̀ kejì, ó gbẹ lóṣù kejì. Ìyá rẹ̀ wá láti Ọ̀fà láti mú un lọ sílé. Lẹ́nu ọ̀nà ìta, adáídáítà ń dúró láti gbé wọn lọ sí gáréèjì, ìyá ọmọ náà ń sunkún, ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi dúpẹ́, ọmọ náà wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀. Ìyá Àgbà fà á dìde.

“Ṣé o ti lọ tọ̀?”

“Mo ti lọ, Màmá.”

“Ó dáa. Ọ̀nà jìn.”

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn là, ilẹ̀kùn Ìyá Àgbà ò ṣí. Alógì ránṣẹ́ pé omikan ń bẹ. Ìyá mi kan ilẹ̀kùn, Ìyá Ìbejì kàn án, àyà gbogbo wa já, Bàbá Agbowó-ilé ti ń wá ohun tí yóò fi já kọ́kọ́rọ́. Ohùn kan jáde láti inú lọ́hùn-ún, ó wúwo, inú ń bí i.

“Ṣé n kò lè sùn nínú ilé yìí ni?”

Àwọn ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ sílé ní ìgbẹ̀yìn, ibẹ̀ ló kú sí. Ṣọ́ọ̀ṣì ò dá iṣẹ́ aṣọ tábìlì padà fún un. Kò béèrè.

Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ìwàásù lórí ìfẹ́ láti ìgbà náà. Wọ́n máa ń sọ pé ó ń fúnni lágbára, pé iṣẹ́ ìfẹ́ kì í wúwo. Mo máa ń jókòó jẹ́jẹ́, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n ojú mi ti rí i, ó wúwo. Ohun tí mo mú kúrò nínú àgbàlá yẹn ni pé mi ò dúró de ìgbà tí ọkàn mi yóò gbóná kí n tó ṣe ohun tó yẹ fún ẹlòmíràn, torí mo mọ ẹnì kan tó ṣe é pẹ̀lú ọkàn tútù, pẹ̀lú ìbínú, pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro, síbẹ̀ kò dín níbì kankan fún ẹni tó ṣe é fún.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Tarauni nígbà tí mo fẹ́ tì í. Báàgì dúdú kan wà lábẹ́ apá rẹ̀, ó dì í lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní rọpárọsẹ̀ ti dá bàbá òun dùbúlẹ̀, aṣọ ibùsùn bàbá náà ló wà nínú báàgì. Ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn alágbàfọ̀ míràn, wọn ò gbà á. Kò wo ojú mi. Ẹsẹ̀ mi ń ro mí, mo sì ti pa iná ẹ̀rọ. Mo na ọwọ́, mo gba báàgì náà, mo tú u níṣojú rẹ̀ kó lè rí i pé mi ò di imú.

“Nígbà wo ni kí n padà wá?” ló bi mí.

“Wá lọ́la,” ni mo wí. “Kó o sì gbé ti ọ̀la dání.”